Ẹ̀rọ Awárin: Èyí Tí Ó Yẹ Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí bàbá bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ oko, kì í gbé ọkọ́ tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. A máa tọ alágbẹ̀dẹ lọ, a sì ní kí ó rọ ọkọ́ kékeré tí apá ọmọ náà ká. Ọmọ tí ó bá fi ọkọ́ wúwo bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú, apá yóò ti máa ro ó. Ọgbọ́n yìí kan náà ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ awárin mú lò.

Ẹ̀rọ awárin ni ẹ̀rọ tí ń fi ohùn sọ fún ènìyàn pé irin wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú kò lè rí i. Ọ̀pá gígùn ni, awo roboto kan sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ká wáyà bàbà sí nínú. Iná bátìrì a máa gba inú wáyà yìí kọjá, agbára bí ti òòfà a sì ti ara rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí agbára náà bá kan irin, idẹ, fàdákà tàbí wúrà, nǹkan náà a fi agbára díẹ̀ dáhùn. Ìdáhùn yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di ohùn sí etí ẹni tí ó dì í mú.

Ẹ̀rọ yìí kò fúyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ọmọ ogun Pólàǹdì kan, Józef Kosacki, ṣe ní ọdún 1941 láti máa fi wá àdó olóró tí a rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì lò ní El Alamein ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ọdún 1942, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 14. Lóde òní, Garrett ACE 250 wúwo tó nǹkan bí kílò 1.2, Minelab Gold Monster 1000 sì tó nǹkan bí kílò 1.3. Ṣùgbọ́n Minelab GPX 5000, tí àwọn awa-wúrà tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ń lò, tó kílò 2.4, a kò tíì ka bátìrì rẹ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara mọ́ ọn.

Ẹni tí ó bá rò pé ìyàtọ̀ kílò kan kò tó nǹkan, kí ó rántí pé ọwọ́ méjì ni a fi ń gbé ọkọ́, bí a bá sì ti gbé e sókè, ilẹ̀ ni a ń sọ ọ́ sí. Ọwọ́ kan ni a fi ń di ẹ̀rọ awárin mú, kò sì gbọdọ̀ balẹ̀ fún wákàtí pípẹ́. Nítorí náà, kí olùrà gbé e lọ́wọ́, kí ó sì máa fì í sọ́tùn-ún sósì fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó san owó. Bí awo bá wúwo ju ẹ̀yìn lọ, ọrùn ọwọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Awo ńlá a máa gbọ́ ohun tí ó jìn, ṣùgbọ́n ó wúwo, ohun kínkínní a sì máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Awo kékeré ni ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, fífúyẹ́ nìkan kò tó. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ kí ó tó ta iṣu inú àká tàbí màlúù rẹ̀ láti ra ẹ̀rọ yìí.

Èkínní: Kí ni mo fẹ́ wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òkè-Ògùn ti gbọ́ nípa òkúta iyebíye tí à ń pè ní tourmaline, tí wọ́n ń wà ní ìhà Kómu àti Òfìkì, wọ́n sì mọ òkúta mábù Ìgbẹ́tì. Kí olúkúlùkù kíyè sí èyí dáadáa: òkúta wọ̀nyí kì í ṣe irin. Ẹ̀rọ awárin yóò kọjá lórí wọn, kò sì ní dún. Ẹni tí ó bá tìtorí wọn ra á, ó ti fi owó rẹ̀ ṣòfò. Wúrà ni ẹ̀rọ yìí lè gbọ́, agbègbè Iléṣà ni ó sì lókìkí fún un ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí àgbẹ̀ lè fi í ṣe: wíwá ọkọ́ tàbí àdá tí ó sọnù sínú koríko, wíwá ìṣó inú igi kí ayùn má bàa kán, àti ṣíṣà wáyà àti ìṣó kúrò ní ibi tí màlúù ń jẹ̀, nítorí wáyà tí màlúù bá gbé mì lè gún ikùn rẹ̀ títí dé ọkàn, kí ó sì pa á.

Èkejì: Irú ilẹ̀ wo ni? Ilẹ̀ Ṣakí àti Ìsẹ́yìn kún fún yangí, irin sì pọ̀ nínú yangí. Ẹ̀rọ tí kò mọ ilẹ̀ yóò máa dún láìsí nǹkan, olówó rẹ̀ yóò sì máa gbẹ́ ihò asán káàkiri. Nítorí náà, èyí tí ó lè bá ilẹ̀ mu ni kí a yàn. Ti ACE 250, ilé-iṣẹ́ ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ṣe é yí padà. Gold Monster a máa bá ilẹ̀ mu fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n lórí yangí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Kí a má sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ pátápátá nígbà tí ó bá ní òun mọ irin yàtọ̀ sí wúrà. Bébà onírin tí a fi ń wé sìgá a máa dún bí ohun iyebíye.

Ẹ̀kẹta: Ta ni ó ni ilẹ̀ náà? Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, a sì gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ kí a tó wà á. Kò sí ẹni tí ó lè wọ inú ọgbà ìjọba Ọ̀yọ́-Ilé lọ gbẹ́ ilẹ̀, tàbí kí ó hú ilẹ̀ Ìgbòho níbi tí a sin Aláàfin mẹ́rin sí. Ohun àtijọ́ tí a bá hú jáde ní ìkọ̀kọ̀ ti di ohun tí kò lè sọ ìtàn mọ́. Bí irú rẹ̀ bá yọ lójijì nínú oko, kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì sọ fún ọba ìlú àti àwọn ìjọba.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan kù. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn gbé òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ wá sílé, wọ́n sì lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé. Òjé wà nínú òkúta náà pẹ̀lú. Eruku rẹ̀ pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ òkúta nínú ilé tàbí nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ oúnjẹ, kí ó sì wẹ̀ kí ó pààrọ̀ aṣọ kí ó tó gbé ọmọ. Ihò tí a bá gbẹ́, kí a dí i, kí ọmọ tàbí ẹran má bàa kó sí i, kí ẹ̀fọn má sì rí omi yé sí.

Nígbà tí a bá ti ra ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ fi ẹ̀yìnkùlé kọ́ iṣẹ́. Kí a rì ìṣó kan, owó bàbà kan àti ìdérí ìgò kan mọ́lẹ̀, ọ̀kan ní ìka mẹ́rin, èkejì ní ìdajì ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí i, ẹ̀kẹta ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan pẹ̀lú ìka. Kí a fi awo súnmọ́ ilẹ̀, kí a rọra máa gbá a bí ìgbálẹ̀, kí ipa kan máa gun orí èkejì, títí etí yóò fi mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi oṣù kan ṣe èyí yóò mọ̀ ju ẹni tí ó ra ẹ̀rọ olówó gọbọi tí kò kọ́ ọ lọ. Ọkọ́ kékeré ni ọmọ fi ń mọ ebè í kọ. Ọjọ́ tí apá rẹ̀ bá gbó, yóò bèèrè èyí tí ó tóbi fúnra rẹ̀.