Ìmọ̀ràn Fún Ẹni Tí Ń Fúnra Rẹ̀ Ṣe Gìtá Oníná

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe gìtá oníná a máa ráhùn pé igi dáradára wọ́n. Àwa kò gbà pé igi ni ìṣòro wọn.

Ní 1963, nígbà tí Brian May, tí ó di atagìtá ẹgbẹ́ Queen, ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ kò ká gìtá ọjà. Òun àti baba rẹ̀ mú igi ara ibi ìdáná àtijọ́, wọ́n fi gbẹ́ ọrùn gìtá. Kòkòrò ti lu igi náà, wọ́n sì fi igi ìṣáná dí ihò rẹ̀. Bọ́tìnì ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àmì ojú ọrùn. Sípíríǹgì alùpùpù sì wà nínú rẹ̀. Gìtá yìí kan náà ni ó ta lórí òrùlé ààfin Buckingham ní 2002.

Ìwọ̀n ni ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Bí ẹ bá fi ojú lásán to àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọrùn, ohùn yóò ṣì títí, kò sí ọ̀dà tí yóò bò ó. Ẹ wọn okùn láti ìdí orí gìtá dé afárá, kí ẹ pín in sí 17.817: ibẹ̀ ni irin kìíní yóò wà. Ẹ pín ìyókù bákan náà fún irin kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí okùn bá jẹ́ íǹsì 24, irin kìíní yóò wà ní íǹsì 1.35, ìkejìlá yóò sì bọ́ sí íǹsì 12 gééré. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ tún ìṣirò ṣe kí ẹ tó mú ayùn. (Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò tí etí ń gbọ́ nìyí.)

Ní ti mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi wáyà wé láti gba ohùn okùn, May kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì ra ti Burns.