Iná Tí Kì í Jóni

Ní oṣù Júùnù, ní ẹ̀yìnkùlé ọmọ mi ní Atlanta, ọmọ ọmọ mi fa ìró mi: "Mọ́mì àgbà, ẹ wá wò ó, koríko ń ṣẹ́jú!"

Tannátanná ni. Mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ìdí rẹ̀ ń tàn yòò, síbẹ̀ kò gbóná rárá. Bẹ́ẹ̀ gílóòbù ayé àtijọ́ a máa bó ni lọ́wọ́! Èròjà luciferin ló wà níkùn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá kàn án, tí èròjà luciferase sì ràn wọ́n lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ yìí. Akọ á máa fò, á máa tàn lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 6, bí ẹni ń kọ lẹ́tà J sójú afẹ́fẹ́. Abo tó wà nínú koríko á dá a lóhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 2. Àmọ́ ọ̀dàlẹ̀ wà níbẹ̀: abo ẹ̀yà tannátanná mìíràn, Photuris, a máa sín ìdáhùn yẹn jẹ. Bí akọ bá sáré dé, ó di oúnjẹ alẹ́. Kí n má purọ́, ẹ̀rín pa mí.

Iná mànàmáná kì í jẹ́ kí àwọn tannátanná rí ìmọ́lẹ̀ ara wọn. A pa ti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì pọ̀ sí i.