Ẹni tí ara ẹ̀ kò pé, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí adójútòfò ni?

Ọ̀rọ̀ adójútòfò yìí ń fẹ́ àmójútó o. Ẹni tó nílò ẹ̀ jù gan-an ni wọ́n sábà máa ń sá fún. Ẹni tára ẹ̀ le koko, wọ́n á máa lé e kiri kó wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí afọ́jú tàbí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bá yọjú, ìbéèrè lè di ogún, owó lè lé sí i, wọ́n tiẹ̀ lè ní kó máa lọ ná.

Àwọn tó ń ta adójútòfò náà ní àwíjàre tiwọn. Adójútòfò kì í ṣe àjọ. Nínú àjọ, iye tí kálukú dá náà ló máa kó. Ní ti adójútòfò, owó ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n fi ń gba ìwọ̀nba tí òfò bá ṣẹ̀ sí lára. Wọ́n ní tó bá jẹ́ kìkì àwọn tó ń lọ ọsibítù lójoojúmọ́ ló wọlé, owó tí kálukú ń san á ga, àwọn tára wọn dá á sá jáde, àpò á sì gbẹ. Irọ́ kọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán síbẹ̀.

Ta ló mọ̀la?

Ó ti pẹ́ táwọn onímọ̀ ti ń sọ pé àdéhùn ló so ìlú ró. Lọ́dún 1971, John Rawls, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà, ní ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin tí kò ní rẹ́ni jẹ, kó ṣe bíi pé òun ò mọ ipò tóun máa bá ara òun láwùjọ. Ọ̀rọ̀ gidi! Àmọ́ lọ́dún 2006, Martha Nussbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, bẹnu àtẹ́ lù ú: Rawls fúnra ẹ̀ ti ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá sẹ́yìn. Wọ́n ṣàdéhùn tán, wọn ò pè wọ́n sípàdé.

Bẹ́ẹ̀, bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ìjàǹbá mọ́tò kan ṣoṣo lè sọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Òfin ti wà

Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Mílíọ̀nù kan náírà ni owó ìtanràn iléeṣẹ́ tó bá ṣe é. Ní oṣù kárùn-ún, ọdún 2022, ó tún fọwọ́ sí òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fáwọn tí ò lágbára. Akàndá ẹ̀dá wà lára wọn.

Dandan yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Bí alára líle àti aláàbọ̀ ara bá jọ wọlé, tí kò sẹ́ni tó lè sá jáde, kí ló tún kù tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àpò á gbẹ? Àmọ́ tí òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò bá kọ̀ tí wọn ò wọlé, òfin ò lè dá ru ẹrù náà.

Ẹni tí wọ́n bá sì lé padà nítorí ara ẹ̀, kó má kàn fọwọ́ lẹ́rán. Kó gba èsì wọn sórí ìwé, kó kọ̀wé sí àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, kì í ṣe àánú.