Ṣé o mọ̀? Ojú inú ni wọ́n fi ń rí alátakò

Ṣé o mọ̀ pé Ryo Kiyuna, ọmọ Okinawa, gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú káráté ní ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Tokyo lọ́dún 2021 láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni? Kata ló ṣe. Òun nìkan ló wà lórí ẹní, tó ń ju ẹ̀ṣẹ́, tó ń tapá, tó ń dènà ohun tí òǹwòran kò rí. Wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ yí síbi tí alátakò ti ń bọ̀ kí ara tó tẹ̀ lé e, apá rẹ̀ á sì gòkè dé ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ìbá ti bà á gẹ́lẹ́. Bí ojú inú kò bá rí ẹnikẹ́ni, ijó lásán ni.

Lọ́dún 1981, Robert Weinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí irú ojú inú yìí, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ káráté 32. Fún ọ̀sẹ̀ 6, àwọn kan ń dẹ ara nìkan, àwọn kan ń fojú inú wo ìjà nìkan, àwọn kan ń ṣe méjèèjì. Nígbà tí wọ́n kojú ara wọn, àwọn tó ṣe méjèèjì ló ta gbogbo ìyókù yọ. Nínú ìdánwò ọgbọ́n ìpìlẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́.

Ìwọ tó ń kọ́ káráté, má fi fífojú inú wo ìjà rọ́pò ìdánrawò o. Ṣùgbọ́n kí o tó sùn lálẹ́, kọ́kọ́ dẹ èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, kí o wá fojú inú wo ẹ̀ṣẹ́ alátakò bó ṣe ń bọ̀, kí o sì dènà rẹ̀.