Yíya Àwòrán fún Ìtura Ọkàn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìrònú owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ kì í jẹ́ kó sùn. Ìtura kan wà tí a máa ń fojú eré ọmọdé wò: yíya àwòrán.

Ní ọdún 1938, ikọ́ ife dá ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Adrian Hill, dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ní Midhurst. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn nǹkan tó wà nítòsí ibùsùn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń kọ́ àwọn aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ló fún irú ìtọ́jú yìí ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, art therapy, ní ọdún 1942.

Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Drexel University, Amẹ́ríkà, ní kí àgbàlagbà 39 fi ìṣẹ́jú 45 ya àwòrán, mọ amọ̀, tàbí lẹ bébà aláràbarà pọ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú, dínkù nínú itọ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Ìwádìí kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n yà kò jàǹfààní ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Èyí dùn mọ́ èmi tí ife tí mo bá yà kì í dúró!

Bí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí bá ń kọ yín lóminú, igi àti ohun tí kò lẹ́mìí ni Ibn Abbas (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ní kí ayàwòrán kan máa yà. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, ẹ gbé ìwé àti pẹ́ńsùlù kalẹ̀ fún tọmọdé-tàgbà. Ṣùgbọ́n bí àìsùn tàbí ìbànújẹ́ bá pẹ́ lára ẹnì kan, dókítà ni kí ẹ mú un lọ bá.