Ìrìn-àjò Afẹ́ Olówó Gọbọi àti Ìdáàbòbò Ìnàkí ní Àwọn Òkè Virunga

Ìfáárà

Láti inú èdè Swahili ni ayé ti yá ọ̀rọ̀ náà 'sàfárì' lò. Ìrìn-àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ayé àwọn amúnisìn, ìbọn ni olówó ń gbé lọ sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ ayàwòrán ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé dání, àwọn tí ó sì ń ṣe ètò rẹ̀ a máa sọ pé owó tí àlejò ń san ni a fi ń dáàbò bo ẹranko. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú pépà yìí ni bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òtítọ́ tó. Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni ti ìnàkí orí òkè, irú gòrílà kan tí ó wà ní Rùwáńdà àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bá a pààlà. Èrò tiwa ni pé owó àlejò lè gba ẹranko là, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò lè tọ́jọ́ àfi bí owó ọ̀hún bá dé ọwọ́ àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà létí igbó.

Ìnàkí àti Igbó Rẹ̀

Ibi méjì péré ni irú ìnàkí yìí wà ní gbogbo àgbáyé. Èkíní ni àwọn òkè ayọnáyèéfín Virunga, níbi tí Rùwáńdà, Ùgáńdà àti Kóńgò ti pààlà. Èkejì ni igbó Bwindi ní Ùgáńdà, pẹ̀lú igbó Sarambwe tí ó so mọ́ ọn ní Kóńgò. Ní ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn Bẹ́ljíọ̀mù ya ilẹ̀ Virunga sọ́tọ̀ fún ẹranko. Síbẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1960, a gé apá ńlá kúrò lára ti Rùwáńdà, a sì fi gbin òdòdó tí a fi ń ṣe oògùn apakòkòrò. Àwọn ọdẹ pẹ̀lú kò sinmi. Dian Fossey, ará Amẹ́ríkà tí ó dá ibùdó ìwádìí Karisoke sílẹ̀ ní ọdún 1967, bá wọn fà á gidigidi. Wọ́n ṣekú pa á ní oṣù Kejìlá ọdún 1985. Nígbà tí a ka ìnàkí Virunga ní ọdún 1981, nǹkan bí 254 ni ó ṣẹ́kù.

Bí Àbẹ̀wò Ṣe Di Ohun Ìdáàbòbò

Ní òpin àwọn ọdún 1970, ètò tún wà nílẹ̀ láti gé sí i lára igbó Rùwáńdà fún dída màlúù. Bill Weber àti Amy Vedder, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, dá a lábàá pé bí igbó náà bá ń mú owó wọlé, ìjọba yóò rí ìdí láti dá a sí. Ní ọdún 1979 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú kí agbo ìnàkí mélòó kan mọ ènìyàn lójú, kí àlejò lè wò wọ́n láìsí ewu.

Òfin tí ó de àbẹ̀wò náà le. Àlejò 8 péré ni ó lè bẹ agbo kan wò lójúmọ́, wákàtí 1 ni wọn yóò sì lò. Ìdí ni pé ara ìnàkí sún mọ́ ti ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí àìsàn tí ó jọ ọ̀fìnkìn lásán lára wa fi lè pa á. Níwọ̀n ìgbà tí àlejò kò ti lè pọ̀, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san ni ó gbọ́dọ̀ pọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Rùwáńdà sọ owó ìwé àṣẹ di dọ́là 1,500, láti orí 750 tí ó wà tẹ́lẹ̀. Owó ilé ìtura kò sí nínú rẹ̀.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ni a fi ń gba àwọn aṣọ́gbó tí wọ́n ń wọ igbó lójoojúmọ́ láti tú tàkúté ká. Èso rẹ̀ sì hàn. Kíkà ọdún 2015 sí 2016 fi hàn pé ìnàkí Virunga ti di 604. Ti Bwindi àti Sarambwe ní ọdún 2018 jẹ́ 459. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,063. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àjọ IUCN yọ wọ́n kúrò lára àwọn ẹranko tí ewu ìparun wọn le jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tí ì bọ́ nínú ewu.

Ta Ni Ó Ń Ru Ẹrù Náà?

Kì í ṣe àlejò nìkan ni ó ń sanwó. Ẹfọ̀n a máa jáde láti inú igbó wá jẹ ọ̀dùnkún olóko. Olóko ọ̀hún kò gbọdọ̀ ṣẹ́gi níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dẹ ìgbẹ́. Ti àwọn Batwa, tí igbó jẹ́ ilé wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tilẹ̀ burú jù: nígbà tí a sọ Bwindi di ọgbà ìjọba ní ọdún 1991, ńṣe ni a lé wọn jáde.

Rùwáńdà gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Láti ọdún 2005 ni ó ti ń ya ìdá 5 nínú 100 owó àbẹ̀wò sọ́tọ̀ fún àwọn abúlé etí igbó. Ó sọ ọ́ di ìdá 10 ní ọdún 2017. Wọ́n ń fi kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń fi fa omi. Ilé ìtura Sabyinyo Silverback pàápàá, ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò ni ó ni ín. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ilé ìwé wúlò fún gbogbo abúlé, ṣùgbọ́n kò dá ọ̀dùnkún tí ẹfọ̀n jẹ padà fún olóko. Ìdí nìyí tí owó gbà-má-bìínú fún olóko fi ṣe pàtàkì, kí ó sì tètè dé.

Ewu mìíràn ni pé àlejò lè má wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà mú kí a dá àbẹ̀wò dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún náà, ọdẹ kan pa Rafiki, akọ ìnàkí tí ó jẹ́ olórí agbo rẹ̀, ní Bwindi. Ẹran jíjẹ ni ọdẹ náà ní òun ń wá kiri. Ilé-ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìrìn-àjò afẹ́ olówó gọbọi dáàbò bo ìnàkí ní tòótọ́: ó dín iye ènìyàn tí ń wọ igbó kù, ó sì sọ igbó di ohun tí ìjọba kò fẹ́ pàdánù. Ṣùgbọ́n àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò tọ́jọ́, kì í ṣe ẹwà ilé ìtura rẹ̀ ni a ó wò. Ohun méjì ni kí a bèèrè: èló ni ó dé ọwọ́ olóko etí igbó, èló sì ni a fi pamọ́ de ọdún tí àlejò kò ní wá?