SỌ̀WÉDOWÓ: KÍ NI Ó DÚRÓ LẸ́YÌN ÌWÉ?

Ní Ajah wa yìí, tí títa ilẹ̀ àti yíya ṣọ́ọ̀bù kò dáwọ́ dúró, ó yẹ kí a mọ ìtumọ̀ ìwé tí à ń gbà bí owó.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni Yorùbá so pọ̀ di sọ̀wédowó: sọ, ìwé, di, owó. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe owó. Owó tí ẹni tí ó fọwọ́ sí i ní ní báńkì ni ó ń sọ ọ́ di owó. Bí kò bá sí owó níbẹ̀, ìwé lásán ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1977 sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irú rẹ̀ gba ọjà tàbí àwìn lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Àwọn ará Jámánì náà a máa so ọ̀rọ̀ pọ̀ bíi tiwa. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni Pfandbrief. Pfand ni ìdógò. Brief ni wọ́n ń pe lẹ́tà lónìí, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ni láyé àtijọ́. Ìwé ìdógò ni àpapọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun ọdún méje tí ó parí ní 1763, àwọn onílẹ̀ ńlá ní Silesia kò rówó yá mọ́. Ní 1769, Ọba Frederick Kejì ti Prussia ní kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi ilẹ̀ wọn ṣe ìdógò fún ìwé tí wọn yóò tà fún olówó. Títí di òní, báńkì Jámánì ṣì ń tà á.

Ní èdè Lárúbáwá, ṣakk ni ìwé ẹ̀rí. Bí ó bá pọ̀, ó di ṣukūk. Ní 2017, ìjọba Nàìjíríà ta ṣukūk 100 bílíọ̀nù náírà láti fi ṣe ọ̀nà. Owó ìyálò ni àwọn tí ó rà á gbà, kì í ṣe owó èlé.

Súrátù Bákárà, áyà 282 àti 283, pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, ó sì fàyè gba ìdógò fún arìnrìn-àjò tí kò rí akọ̀wé.

Yorùbá ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá na ìwé owó sí yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ rí i pé owó wà nílẹ̀. Kí Ọlọ́hun má fi gbèsè tí agbára wa kò ká kàn wá. Àmín.